Iṣẹ́ Tí A Rán sí Ọjà: Ìtàn Àṣẹ Tí Ń Dúró De Iye

Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ọjà kan wà tí kò ní ọlọ́jà nídìí. Lẹ́bàá ọ̀nà oko, lábẹ́ igi tí ó ní ibòòji, èrò lè bá ọsàn, ẹ̀kọ tàbí iṣu tí wọ́n kó jọ ní òkìtì-òkìtì, tí wọ́n sì to òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì kọ̀ọ̀kan. Iye òkúta náà ni ó ń sọ iye owó ẹyọ tí ọlọ́jà fẹ́ gbà. Òun fúnra rẹ̀ ti bá iṣẹ́ oko rẹ̀ lọ. Ẹni tí ebi bá ń pa yóò ka òkúta, yóò ka owó sílẹ̀, yóò mú ohun tí ó rà, yóò sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Bí iye náà bá ga jù lójú rẹ̀, yóò kọjá. Kò sí ẹni tí yóò bá ná an. Ọlọ́jà kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Ohun tí òkúta ń wí fún èrò ni pé: "Bí o bá lè san iye yìí, gbé e, bí owó rẹ kò bá tó bẹ́ẹ̀, fi í sílẹ̀."

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tí oníṣòwò fi sílẹ̀ lójú ọjà kí ó tó bá tirẹ̀ lọ, ni kókó ìjíròrò wa lónìí. Ní ọjà tí wọ́n ti ń ra ìpín ilé-iṣẹ́, àti ní ọjà tí wọ́n ti ń fi owó orílẹ̀-èdè kan ra ti òmíràn, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó fẹ́ rà tàbí tà ni ó fẹ́ ẹ ní ìṣẹ́jú náà gan-an. Ọ̀pọ̀ ni ó ń fi àṣẹ sílẹ̀ pé kí a dúró di ìgbà tí iye bá dé ibi báyìí. Pending order ni àwọn Òyìnbó ń pe irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń wò wá yóò sì ti rí i lórí tẹlifóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ owó. Èsì mi ni pé gbólóhùn ni àṣẹ yìí kí ó tó di owó, gbólóhùn oní-"bí" sì ni. Ẹni tí kò bá tú gbólóhùn náà palẹ̀ dáadáa, owó ni yóò fi kọ́ gírámà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tú u palẹ̀ ná. Ká ní ìpín ilé-iṣẹ́ kan ń lọ ní ₦100 lónìí. Ẹnìkan sọ fún alágbàtà rẹ̀ pé: "Bá mi rà á, ṣùgbọ́n má ṣe rà á ju ₦90 lọ." Ẹlòmíràn tí ó ti ní ìpín náà lọ́wọ́ wí pé: "Bá mi tà á, ṣùgbọ́n má ṣe tà á dín sí ₦110." Limit order ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì. Ọlọ́jà olókùúta wa ni ẹnìkejì yìí láìsí iyàn. Iṣẹ́ tí iye ń ṣe nínú irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ni pé ó jẹ́ ààlà: a lè ṣe dáadáa jù ú lọ, a kò gbọdọ̀ ṣe burúkú jù ú lọ. Ewu kan níbẹ̀ ni pé iye lè má dé ibẹ̀ láéláé, kí iṣu wà lábẹ́ igi títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ẹ wá gbọ́ èkejì. Ẹni tí ó ní ìpín náà ní ₦100 ń bẹ̀rù pé ó lè já wálẹ̀. Ó wí pé: "Bí ó bá já wálẹ̀ dé ₦90, tà á." Ẹlòmíràn sì wí pé: "Bí ó bá gòkè dé ₦110, rà á." Èyí ni stop order. Ó lè ya ni lẹ́nu pé ènìyàn yóò máa dúró de ọjà kí ó wọ́n kí ó tó rà á, ṣùgbọ́n ìdí wà. Ó lè gbà pé ohun tí ó bá ti gòkè dé ₦110 yóò tún gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sì lè jẹ́ pé ìpín tí ó yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni ó ti tà tẹ́lẹ̀, tí ó ń bẹ̀rù àtirà á padà ní iye tí yóò fọ́ ọ lójú. Èyí tí ó wù kí ó jẹ́, ẹ wo gbólóhùn náà dáadáa. "Bí ó bá dé ₦90, tà á." Èló ni kí a tà á? Kò sọ. ₦90 tí ó dárúkọ kì í ṣe iye tí yóò gbà. Àmì ni, agogo ni. Bí agogo bá ti lù, àṣẹ náà di "tà á ní iyekíye tí o bá bá lọ́jà", ìbáà jẹ́ ₦89, ìbáà jẹ́ ₦60.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè rọrùn, n ó máa pe ti àkọ́kọ́ ní àṣẹ ààlà, n ó sì máa pe èkejì ní àṣẹ agogo. Lójú tèmi, orúkọ tí àwọn Òyìnbó fún èkejì ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, nítorí wọ́n tún ń pè é ní stop-loss, bí ẹni pé yóò dá àdánù dúró. Kò lè dá nǹkan kan dúró. Ó kàn lè sáré jáde ni. Àwọn kan ti so méjèèjì pọ̀: "Bí ó bá já dé ₦90, tà á, ṣùgbọ́n má ṣe tà á dín sí ₦88." Agogo wà níbẹ̀, ààlà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iye bá fò láti ₦91 bọ́ sí ₦80 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, agogo yóò lù, ààlà yóò sì di ẹnu ọ̀nà, olówó yóò wà nínú ilé náà pẹ̀lú iná.

Báwo ni àwọn àṣẹ wọ̀nyí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé inú ọjà? Ọjà New York ni ìtàn wọn ti hàn kedere jù. Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1792, àwọn alágbàtà 24 fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní òpópónà Wall Street. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, pípè ni wọ́n ń pe ìpín lórúkọ. Olórí yóò ka orúkọ ilé-iṣẹ́ kan, àwọn alágbàtà yóò jókòó, wọn yóò dá iye, wọn yóò ra, wọn yóò tà, kí ó tó pe orúkọ tí ó tẹ̀ lé e. A kò ní láti lọ sí òkè òkun kí a tó rí irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ọjà ìpín ti Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960, tí ó bẹ̀rẹ̀ òwò ní 1961, tí orúkọ rẹ̀ sì di Nigerian Stock Exchange ní 1977, ìlànà pípè yìí ni ó ń lò títí di ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1999, nígbà tí kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ náà. Nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, àpò alágbàtà ni àṣẹ tí ń dúró ń gbé. Bí wọ́n bá pe orúkọ ìpín, yóò wo ìwé pélébé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí iye kò bá tíì dé ibẹ̀, yóò tún ká a padà sí àpò.

Ní 1871, ọjà New York pa ìlànà pípè tì. Láti ìgbà náà, gbogbo ìpín ni wọ́n ń rà tí wọ́n sì ń tà nígbà kan náà láti òwúrọ̀ títí wọn yóò fi palẹ̀ mọ́. Ìṣòro wá dé. Alágbàtà kan kò lè dúró sí ogún ibi lẹ́ẹ̀kan náà kí ó máa ṣọ́ iye ogún ìpín. Ìtàn kan wà tí àwọn ará ọjà náà fẹ́ràn láti máa sọ, pé ní 1875 alágbàtà kan tí ń jẹ́ Boyd ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Nítorí pé kò lè rìn káàkiri mọ́, ó jókòó sórí àga níbi tí wọ́n ti ń ta ìpín Western Union, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àṣẹ tiwọn sílẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Bóyá ẹsẹ̀ ni ó ṣẹ́ lóòótọ́, bóyá ẹnu ni ó dùn, iṣẹ́ alágbàtà adúrósójúkan bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn.

Adúrósójúkan yìí, tí wọ́n ń pè ní specialist, ní ìwé kan lọ́wọ́. Ìwé lásán ni, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni gbogbo àṣẹ tí ń dúró lórí ìpín kan ń sùn: iye báyìí, ìpín mélòó, ta ni ó kọ́kọ́ dé. Ó ń kọ àṣẹ ààlà, ó sì ń kọ àṣẹ agogo. Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ti bá ti Wall Street pàdé. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Adúrósójúkan jẹ́ ènìyàn. Bí agogo bá lù tí kò sì sí òǹrajà nítòsí, ó lè kígbe pe ẹni tí ó mọ̀ pé ó ń fẹ́ rà, ó sì lè fi owó ara rẹ̀ rà díẹ̀ kí iye má baà já wálẹ̀ gbì. N kò sọ pé áńgẹ́lì ni wọ́n. Ẹni tí ó ní ìwé náà lọ́wọ́ mọ ibi tí agogo pọ̀ sí, irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ owó. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹlòmíràn yọjú wo inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà tí a lè bi léèrè pé kí ni ó fi iṣẹ́ tí a rán an ṣe.

Ní ọdún 1929, iṣẹ́ náà bo àwọn ìránṣẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn tí wọ́n wà ní òde ọjà ń fi ẹ̀rọ kan mọ iye. Edward Calahan ni ó ṣe é ní 1867, ó ń tẹ iye sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ gbọọrọ bí òwò bá ti ń lọ. Ní Ọjọ́bọ̀, 24 oṣù kẹwàá ọdún 1929, ìpín tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 13 ni ó pa ọwọ́ dà. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, ó lé ní mílíọ̀nù 16. Ẹ̀rọ kò lè bá ọjà sáré mọ́: ní Ọjọ́bọ̀ náà, nǹkan bí wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n ti palẹ̀ ọjà mọ́ ni ó tó tẹ iye tó kẹ́yìn. Ẹni tí ó jókòó sí ilé rẹ̀ ní ìlú mìíràn rò pé ìpín òun ṣì wà ní iye àárọ̀, nígbà tí agogo rẹ̀ ti lù, tí wọ́n sì ti tà á.

Ohun tí ó burú jù ni pé agogo kan ń lu èkejì. Bí wọ́n bá ta tiẹ̀ ní ₦90, títà náà yóò ti iye sí ₦88. Agogo ẹlòmíràn sì wà ní ₦88. Títà ti èyí yóò ti iye sí ₦85. Owó àyálò tí ọ̀pọ̀ fi ra ìpín tún bù kún un, nítorí àwọn alágbàtà fúnra wọn ń tà láti gba owó wọn padà. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin ọjà ìpín ní 1934, abala kẹwàá rẹ̀ dárúkọ àṣẹ agogo ní tààrà, ó sì tò ó mọ́ títa ìpín tí a yá, pé kí àjọ tí ń bójú tó ọjà ní agbára láti ṣe ìlànà lé e lórí. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ àṣẹ ààlà níbẹ̀. Àwọn aṣòfin mọ èyí tí ń dún nínú méjèèjì.

Ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1987 wá fi hàn pé ènìyàn lè gbé agogo kiri láìkọ ọ́ sínú ìwé ẹnikẹ́ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àti irú rẹ̀ ti ra ètò kan tí wọ́n pè ní ìdáàbòbò owó: bí iye bá ti ń wálẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò sọ pé kí wọ́n máa tà. Gbólóhùn kan náà ni: bí ó bá já, tà á. Òṣùwọ̀n Dow Jones pàdánù àmì 508 lọ́jọ́ náà, èyí tí ó jẹ́ ìdá 22.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Reagan gbé kalẹ̀, tí Nicholas Brady ṣe alága rẹ̀, jábọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1988, ó sì na ìka sí irú títà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé kúrò lọ́wọ́ ènìyàn díẹ̀díẹ̀ tí ó sì bọ́ sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kì í gbàgbé, kì í ṣe ojúsàájú, ó sì yára. Ṣùgbọ́n bí o bá rán an níṣẹ́ ẹrú, bí ẹrú ni yóò ṣe jẹ́ ẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 2010, òṣùwọ̀n Dow Jones já wálẹ̀ tó bí àmì 1,000, ó sì gba púpọ̀ nínú rẹ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Láàárín àkókò kúkúrú náà, àwọn àṣẹ tí ó sọ pé "tà á ní iyekíye" dé ọjà, wọ́n sì bá a pé àwọn òǹrajà ti sá. Iye tí ó ṣẹ́kù ni èyí tí àwọn kan kàn dá sílẹ̀ nítorí pé òfin ní kí wọ́n dá iye, bí ẹni tí a ní kí ó ná iṣu tí ó sì dá kọ́bọ̀ kan. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ìpín Accenture, tí ó ń lọ ní nǹkan bí dọ́là 40, tà ní sẹ́ǹtì kan. Òwò tí ó lé ní 20,000 ni wọ́n padà fagi lé, wọ́n sì fòfin de iye ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọdún náà tó parí.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣòwò pàṣípààrọ̀ owó ni mo fẹ́ kí wọ́n tẹ́tí sí èyí tí ó kàn. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, báńkì àgbà ti Swítsàlandì ti sọ pé Yúrò kan kò ní kéré sí fáráǹkì 1.20. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò gbà á gbọ́. Wọ́n ra Yúrò ní ẹ̀gbẹ́ iye náà, wọ́n sì so agogo wọn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, báńkì náà kéde láìròtẹ́lẹ̀ pé òun ti jáwọ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, Yúrò kan kò tó fáráǹkì kan mọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Ká ní ẹnìkan ní fáráǹkì 1,000 lọ́wọ́, tí ó fi owó àyálò ra Yúrò 20,000 ní 1.2010, tí ó sì so agogo rẹ̀ sí 1.1990. Lójú rẹ̀, bí gbogbo nǹkan bá bàjẹ́, fáráǹkì 40 ni yóò sọnù. Agogo lù. Kò sí òǹrajà ní 1.1990, kò sí ní 1.15, ká ní 1.0000 ni wọ́n tó rí ẹni bá a rà á. Àdánù rẹ̀ di fáráǹkì 4,020. Fáráǹkì 1,000 rẹ̀ ti lọ, ó sì jẹ gbèsè 3,020. Àpẹẹrẹ ni mo fi èyí ṣe, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò jìnnà sí i. Àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ FXCM ní Amẹ́ríkà jẹ gbèsè tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù dọ́là 225 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Alpari ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kógbá sílé. Ní 2018, àjọ tí ń bójú tó ọjà ní ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin pé oníbàárà kékeré tí ń ṣe irú òwò àyálò bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ pàdánù ju ohun tí ó wà nínú àpamọ́ òwò rẹ̀ lọ. Òfin náà kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò sí lábẹ́ wọn.

Oṣù méje lẹ́yìn ti Swítsàlandì, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2015, ọjà New York ṣí, òṣùwọ̀n Dow Jones sì já wálẹ̀ ju àmì 1,000 lọ kí ojú tó mọ́ ọjà tán. Nǹkan bí ìgbà 1,300 ni wọ́n ní láti dá òwò dúró lórí ìpín kan tàbí òmíràn lọ́jọ́ náà. Àwọn tí agogo wọn lù ní òwúrọ̀ tà ní iye tí ó kéré, wọ́n sì ń wo ìpín náà bí ó ṣe ń padà sókè ní ọ̀sán. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ọjà New York kéde ohun tí yóò ṣe, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2016, kò gba àṣẹ agogo mọ́, kò sì gba àṣẹ tí ó sọ pé "ó di ìgbà tí mo bá fagi lé e" mọ́. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo àṣẹ agogo láìmọ ewu tí ó wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rò pé àṣẹ agogo kú lọ́jọ́ náà. Kò kú. Ilé nìkan ni ó yí padà. Àwọn ilé-iṣẹ́ alágbàtà ṣì ń gbà á lọ́wọ́ oníbàárà, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí tẹlifóònù lábẹ́ Buy Stop àti Sell Stop, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì ń fi í pamọ́ sínú ẹ̀rọ tiwọn. Bí agogo bá lù, wọn yóò fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ọjà, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí gbólóhùn oní-"bí" mọ́, bí kò ṣe gẹ́gẹ́ bí "tà á" lásán. Ọjà tí ó gbà á kò sì ní mọ̀ pé ó ti ń dúró láti ọjọ́ pípẹ́, tàbí pé iye kan wà tí ẹni tí ó rán an ní lọ́kàn.